Kíláàsì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ọjọ́ Sátidé ní Tanke: ẹ lọ tìtorí Bàbá, ẹ má lọ tìtorí sátífíkéètì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí látìgbà tí mo ti parí kíláàsì yìí pé ṣé owó mi jóná àbí kò jóná, ó yá, ẹ wá gbọ́. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà torí mo ní ẹjọ́ tí mo máa rò nípa wọn níwájú, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi pé mo ba ọjà òun jẹ́. Tanke ni, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ₦30,000 ni fún Sátidé mẹ́fà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. POS àti fótókọ́pì ni mò ń ṣe ní Gáà-Àkànbí, ó ti tó ọdún mẹ́fà báyìí. Lọ́jọ́ kan, Áfáà kan wá gba ogún ẹgbẹ̀rún lọ́wọ́ mi, mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ní "declined". Mo tún un tẹ̀, "declined". Àwọn fúnra wọn ní kí n tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tún un tẹ̀, kò lọ. Bí wọ́n ṣe ní káwọn dìde báyìí ni fóònù wọn dún lápò, ó tún dún, alẹ́ẹ̀tì méjì, wọ́n ti yọ ogún ẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀mejì. Áfáà ò pariwo o. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn padà jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n yọ tẹ̀súbáà, wọ́n sì wà níbẹ̀ látìgbà tá a kírun Alásàárì títí wọ́n fi pe Mọ̀gàríbì. Wọ́n ní àwọn ò sọ pé mo jalè, kí n ṣáà sọ ibi tówó àwọn wà fáwọn. Wàláhì, mi ò mọ̀. Ọdún mẹ́fà tí mo ti ń sọ fún èèyàn pé "nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni, ẹ jọ̀ọ́", mi ò mọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì gan-an. Owó yẹn padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìtìjú ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára mi.

Ìgbà tí mo wá rí pósítà wọn lára òpó iná, mo ní ó dáa, màá lọ. Mo tún ń rò ó lọ́kàn pé wọ́n á kọ́ mi bí mo ṣe máa pín Wi-Fi tà fáwọn ọmọ yunifásítì.

Sátidé àkọ́kọ́, àwa méjìlá la fún ara wa pọ̀ nínú yàrá tí ò yẹ kó gbà ju mẹ́jọ lọ. Àwọn ọmọ Unilorin ló pọ̀ jù, ọmọbìnrin kan ń wọ mọ́tò wá láti Ọ̀ffà láàárọ̀ kùtù, ọkùnrin kan ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Sango, èmi náà wá rèé. Mo rò pé ọmọdékùnrin kan tó wọ jíìnsì ló máa kọ́ wa, àfi bí bàbá kan tó ti lé dáadáa ní àádọ́rin ọdún ṣe wọlé, fìlà gẹ̀ sápá kan. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba làwọn ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Wọn ò tan kọ̀ǹpútà kankan. Wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ, láyé tẹlifóònù onílà, tẹ́nì kan bá pe Èkó láti Ìlọrin níbí, tó wá gbé e sétí tí ò sọ nǹkan kan, ta ló ni okùn yẹn?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. "Òun náà ni! Títí tó fi máa gbé e kalẹ̀. Ẹlòmíì ń dúró, okùn jókòó lásán, owó ń lọ." Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ò wá dà bíi tàwa èèyàn, kì í sọ̀rọ̀ lọ bí odò, á sọ díẹ̀ wùrù, á dákẹ́ pẹ́, á tún sọ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fún un ní odidi okùn kan, ẹ ti ṣòfò.

Wọ́n wá yí sọ́mọ Ọ̀ffà. "Tí o bá fẹ́ kó àpò iṣu mẹ́wàá wá sí Ìlọrin, ṣé dandan ni kí gbogbo ẹ̀ wọ ọkọ̀ kan?" Ọmọ yẹn ní rárá sà, òun lè fi mélòó kan sínú ọkọ̀ ojú irin, káwọn tó kù gba ojú títì Ajàṣẹ́-Ìpo wá. "Kí lo máa ṣe kí wọ́n má bàa sọnù?" Ó ní òun á kọ orúkọ ẹni tó ni ín sára àpò kọ̀ọ̀kan, òun á sì fi nọ́ńbà sí i. Bàbá pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní o ti ṣe pákẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Èèyàn méjì ló ro ọ̀rọ̀ yìí láìmọ ara wọn, Paul Baran ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àti Donald Davies ní ìlú Òyìnbó ní 1965, Davies yìí ló sọ ọ́ ní "packet". Baran gbé tiẹ̀ lọ bá AT&T, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá wọn, wọ́n ní kò lè ṣiṣẹ́. Ibi tí Bàbá dé níbẹ̀ ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Àwa onítẹlifóònù náà ni! Àwa náà la kọ́kọ́ sọ pé kò lè ṣeé ṣe!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ìlọrin Àfọ̀njá ẹnu dùn juyọ̀, mo ti ń gbọ́ ọ látọmọdé, àfìgbà tí mo jókòó níwájú bàbá yìí ni mo tó mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Wọ́n wá mú ìwé kan, wọ́n kọ "Ẹ kú ọdún Iléyá o, ẹ fi ẹran ránṣẹ́ sí mi" sórí ẹ̀, wọ́n ya á sí ọ̀nà mẹ́fà, wọ́n fi nọ́ńbà sí ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ká máa gbé e lọ́wọ́ sọ́wọ́ títí á fi dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni lè gba ibi tó bá wù ú. Nọ́ńbà 3 ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà 1, lẹ́yìn náà 6. Mo tò wọ́n sórí itan mi. Ti 5 ò dé. Ká má parọ́, ọkùnrin onípáàtì jẹnẹrétọ̀ yẹn ló ti kì í bọ àpò. Mo kà á síta: "Ẹ kú ọdún Iléyá o, ẹ fi… sí mi." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ní ó yá, Ìyá POS (orúkọ tí wọ́n sọ mí nìyẹn), kí lẹ máa ṣe? Mo ní màá ránṣẹ́ padà pé nọ́ńbà 5 ò dé, kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ta ló máa ṣọ́ ọ, ṣé àwọn tó wà láàárín ni àbí ìwọ? Mo ní èmi. Wọ́n ní ẹ fi sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ọmọ Unilorin kan wá gbé ọwọ́ sókè pé ṣebí torí bọ́ọ̀mù ni wọ́n ṣe ṣe íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọ̀rọ̀ lè máa lọ tí Rọ́ṣíà bá ju átọ́míìkì. Èmi náà ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá ní idà méjì lẹ kì bọ àkọ̀ kan. Baran ló ń ro ti bọ́ọ̀mù, lóòótọ́. Rọ́ṣíà ló sì dẹ́rù ba Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n fi Sputnik sójú ọ̀run ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 1957, tí wọ́n fi dá ARPA, ilé iṣẹ́ ìwádìí àwọn ológun wọn, sílẹ̀ ní 1958. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí wọ́n so kọ̀ǹpútà pọ̀ ní ARPA, Bob Taylor, nǹkan tó ń bí i nínú kéré jùyẹn lọ. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà ní ọ́fíìsì ẹ̀ ní Pentagon ní 1966, ọ̀kan ń bá kọ̀ǹpútà MIT sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń bá ti Berkeley, ọ̀kan ń bá ti Santa Monica. Kálukú pẹ̀lú òfin tiẹ̀, tó bá fẹ́ bá ibòmíì sọ̀rọ̀ á dìde, á lọ jókòó sídìí òmíì. Ó ní kí ló dé tí ò fi lè jẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo?

Hẹn-ẹn! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde dúró. POS mẹ́ta ló wà lórí tábìlì tèmi, ti báńkì yìí, ti báńkì tọ̀hún, ti ẹlẹ́kẹta tó jẹ́ pé òun ló ń lọ nígbà táwọn méjì yòókù bá sùn. Ojoojúmọ́ ni mò ń bínú sí tábìlì yẹn. Ẹni tó ní irú tábìlì mi yẹn ní 1966, ọ̀gá ẹ̀ fún un ní mílíọ̀nù dọ́là kan kó fi tún un ṣe. Èmi ò rí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀.

Sátidé kejì ló dùn jù. Wọ́n sọ bí ilé iṣẹ́ BBN ṣe kọ́ ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní IMP, tó tóbi tó fíríìjì, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa gba pákẹ́ẹ̀tì kó máa darí ẹ̀ lọ. Ráútà ni, ká sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, bàbá ńlá ráútà tó wà lórí férémù yín nílé. Wọ́n gbé àkọ́kọ́ lọ sí yunifásítì UCLA ní Los Angeles ní 1969, èkejì lọ sí ilé ìwádìí SRI lápá San Francisco. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Charley Kline fẹ́ kọ "login" sí ẹ̀rọ SRI. Ó tẹ L, wọ́n ní L dé. Ó tẹ O, wọ́n ní O dé. Ó tẹ G, ẹ̀rọ ọ̀hún kú fin-ín. Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó rí i tún ṣe.

Bàbá kọ LO sójú pátákó. Wọ́n wo ojú wa. Wọ́n wá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sábẹ́ O: LỌ. "Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láyé nìyí, Yorùbá ni. Wọ́n ní kó lọ, ó sì lọ." Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, tó bá jẹ́ torí àmì kan yẹn nìkan ni mo ṣe san ₦30,000, mi ò ní bínú. Wọ́n tún ní ká rò ó wò o, 1969 yẹn, ogun abẹ́lé ṣì ń lọ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Kwara tiwa ò ju ọmọ ọdún méjì lọ.

Nǹkan míì tí mi ò ní gbàgbé ni ti RFC. Àwọn tí wọ́n ní kó kọ òfin bí kọ̀ǹpútà á ṣe máa bára wọn sọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn àgbà ní ìlà oòrùn Amẹ́ríkà á bú àwọn pé ta ló fún yín láṣẹ. Steve Crocker wá jókòó sínú bálùwẹ̀ lóru kó má bàa jí àwọn tó gbà á sílé, ó kọ àkọ́kọ́, ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1969, kò sì pè é ní òfin, ó pè é ní "Request for Comments", ìyẹn ni pé èmi wí tèmi o, ẹ̀yin náà ẹ bá mi dá sí i. Bàbá ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyẹn. Ọmọdé tó fẹ́ pòwe níwájú àgbà, ṣebí "tótó ó ṣe bí òwe" ló máa ń sọ, àgbà á ní wàá pa òmíì. Ó sì ti pa òmíì lóòótọ́, RFC ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án báyìí, orúkọ ìtẹríba yẹn náà ni wọ́n ṣì ń jẹ́.

Ti ímeèlì ò gbà wá lákòókò. Ray Tomlinson, 1971, òun ló mú @ láti fi ya orúkọ èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ méjì tó fi dán an wò wà nínú yàrá kan náà.

Ti Hawaii ló gbà wá lákòókò. Ibẹ̀, erékùṣù ni, òkun ló wà láàárín, wọn ò lè fa wáyà, ni Norman Abramson àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní yunifásítì ibẹ̀ bá fi rédíò ṣe é ní 1971, wọ́n pè é ní ALOHA. Ìṣòro rédíò wá ni pé tẹ́ni méjì bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tàwọn méjèèjì bàjẹ́. Bàbá ní kí èmi àti ọmọ Ọ̀ffà sọ̀rọ̀ pa pọ̀, a sọ, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní kí la máa ṣe? Mo ní kó kọ́kọ́ sọ, òun náà ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ mà, mo ní rárá ìwọ kọ́kọ́ sọ, a tún pa á pọ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lẹ́nu ọ̀nà, tẹ́ni méjì bá ń yẹra fúnra wọn tí wọ́n sì ń yẹ̀ sápá kan náà. Wọ́n ní oògùn ẹ̀ ni pé kí kálukú dákẹ́, kó dúró fún ìgbà tí ò bá ti ẹnì kejì dọ́gba, bí ìgbà téèyàn ju dáìsì, lẹ́yìn náà kó tún un sọ. Tó bá tún kọlù, kó dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni Bob Metcalfe ti rí ọgbọ́n tó fi ṣe Ethernet ní Xerox PARC ní 1973. Kébù aláwọ̀ búlúù tẹ́ ẹ̀ ń kì bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì, ibẹ̀ ló ti wá.

Sátidé kẹta ni wọ́n dé ibi tí mo ń wá. Láàárín ọdún 1973 sí 1974, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti di oríṣiríṣi, ti wáyà wà, ti rédíò wà, ti sátẹ́láìtì wà, kálukú pẹ̀lú èdè tiẹ̀. Vint Cerf àti Bob Kahn jókòó rò ó, wọ́n gbé e jáde nínú oṣù karùn-ún 1974: ẹ má fipá mú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kankan yí ìwà padà, ẹ fi ẹ̀rọ alárinà sí ẹnubodè, kó máa gba ẹrù lọ́wọ́ ọ̀kan fún èkejì. Kò ní ṣèlérí pé ẹrù á dé. Á kàn gbìyànjú. Àwọn tó wà ní ìkángun méjèèjì ni kó máa kà á, kó máa tún un béèrè. Wọ́n mú nínú ọgbọ́n Louis Pouzin ará Faransé náà, ẹni tó ti ń sọ ọ́ ṣáájú pé kí àárín máa ṣe ìwọ̀nba iṣẹ́, kí ìkángun máa ṣọ́ tiẹ̀.

"Ìyá POS," ni Bàbá wí, "ta ló ń ṣọ́ nọ́ńbà 5?" Mo ní èmi ni, sà.

Wọ́n fi bá a ṣe ń pe fóònù ṣàlàyé bí TCP, òfin tí Cerf àti Kahn gbé jáde yẹn, ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni kìíní: "Hẹ́lò, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ẹnì kejì: "Mò ń gbọ́ yín, ṣé ẹ̀yin náà ń gbọ́ mi?" Ẹni kìíní: "Mò ń gbọ́." Ẹ̀ẹ̀mẹta péré, kó tó di pé ọ̀rọ̀ gidi bẹ̀rẹ̀. Àwa tí à ń kíra wa fún ogún ìṣẹ́jú ká tó béèrè owó tá a yáni, ẹ̀ẹ̀mẹta kéré lójú wa.

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Áfáà. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa, wọ́n ní ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ tí ò lọ, kí ló sọnù? Mo ní iṣẹ́ tí mo rán ni. Wọ́n ní báwo lẹ ṣe mọ̀? Bóyá iṣẹ́ yín dé báńkì, wọ́n yọ owó, wọ́n ní kí ìdáhùn máa bọ̀, ìdáhùn ló sọnù sójú ọ̀nà. Níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, méjèèjì jọra, ìdákẹ́jẹ́ ni. TCP mọ ọgbọ́n tó ń ta síyẹn torí ó fi nọ́ńbà sí gbogbo ẹrù, tí nọ́ńbà 5 bá dé lẹ́ẹ̀mejì, á da ọ̀kan nù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ìgbà tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tún un tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ọjà tuntun lẹ dá yẹn, nọ́ńbà tuntun. Báńkì rò pé Áfáà fẹ́ gba owó lẹ́ẹ̀mejì ni.

Ara mi bù máṣọ. Èmi ni! Ọwọ́ mi ni! Ó ti pé mẹ́fà ọdún tí mo ti ń bú báńkì.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì mọ́ láìkọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ, kódà kí oníbàárà máa rọ̀jò èébú.

Wọ́n tún sọ ti 1986 láti fi tì í lẹ́yìn. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn, láàárín ilé iṣẹ́ Lawrence Berkeley àti yunifásítì Berkeley, ibi tí ò ju ìwọ̀n 400 yáàdì lọ, ìsáré nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já wálẹ̀ láti 32,000 bit ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí 40. Ogójì péré! Kò sí wáyà tó já, kò sí ẹ̀rọ tó kú. Gbogbo ẹ̀rọ tí ò rí ìdáhùn ń tún un fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n tún fi ránṣẹ́ ń dí ọ̀nà fún èyí tó ti ń bọ̀, ó wá dà bí ojú ọ̀nà Ọjà Ọba lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, kálukú ń fun fèrè, kò sẹ́ni tó ń lọ. Van Jacobson ló tún un ṣe, ó gbé e jáde ní 1988: ẹ bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, tó bá ń lọ ẹ fi kún un, tẹ́ ò bá gbọ́ ìdáhùn ẹ dín in kù, ẹ dúró, tó bá tún kọ̀, ẹ dúró ní ìlọ́po méjì. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yìí ṣì ń ṣe irú ẹ̀ títí dòní.

Ti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1983 náà wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ní gbogbo ARPANET, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ARPA tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú LO yẹn, gbọ́dọ̀ kúrò lórí òfin àtijọ́ tó ń jẹ́ NCP bọ́ sórí TCP/IP, ẹni tí ò bá bọ́ sí i, ó jókòó sóde. Ó rán mi létí ìgbà tí wọ́n ní ká so NIN mọ́ SIM. Àwọn ará ARPANET kan fi bájì sáyà lẹ́yìn náà pé àwọn la á já. Ọdún 1983 yẹn náà ni Paul Mockapetris ṣe DNS, ètò tó ń wá àdírẹ́ẹ̀sì tó bá orúkọ ẹ̀rọ mu, torí kó tó dìgbà yẹn, fáìlì kan ṣoṣo ló ní orúkọ gbogbo ẹ̀rọ, ọ́fíìsì Elizabeth Feinler ní SRI ló ń tọ́jú ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ orúkọ tuntun á lọ bá wọn.

Mo tún mọ̀ báyìí ìdí tí àdírẹ́ẹ̀sì ráútà mi fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 bíi ti gbogbo èèyàn. Àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n pín nígbà yẹn ò ju bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ, ó dà bíi pé kò lè tán láéláé, bí ilẹ̀ Tanke láyé àwọn bàbá wa. Ní oṣù kejì 2011, àpò tí wọ́n ti ń bù ú fún gbogbo àgbáyé gbẹ. Ohun tí à ń ṣe ni fésì-mí-áì-fésì-yú: ojúlé kan, nọ́ńbà kan lójú títì, yàrá mẹ́wàá nínú, kálukú mọ yàrá ẹ̀.

Oníjẹnẹrétọ̀ béèrè pé ṣebí ọmọ Nàìjíríà ló ṣe íntánẹ́ẹ̀tì, Emeagwali. Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. Bàbá ò bú u o, wọ́n ní ọkùnrin yẹn ṣe iṣẹ́ ìṣirò gidi lórí kọ̀ǹpútà ńlá, ó gba ẹ̀bùn Gordon Bell ti 1989 fún un, ṣùgbọ́n ní 1989, ARPANET ti pé ọmọ ogún ọdún, ẹ ò lè bí bàbá lẹ́yìn ọmọ. Kíláàsì dákẹ́ díẹ̀. Ó dun àwọn kan.

Ó yá, ẹ jẹ́ n rojọ́ mi wàyí.

Sátidé kẹrin, Bàbá ò wá mọ́. Apá tiwọn ti parí. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀ ló gbà á, ọmọkùnrin tí ò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó jókòó, ó ń ka láyà méje OSI, ìlànà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì míì, fún wa látinú fóònù, ká máa kọ ọ́. Láyà kìíní, láyà kejì. Mo béèrè pé ta ló ń lo OSI yìí, ṣebí Bàbá sọ pé TCP/IP ló gba ayé. Ó ní ó máa jáde nínú ìdánwò. Ìdánwò wo? Kò sí ìdánwò kankan.

Kímípà kan ṣoṣo ló wà, àwa méjìlá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi orí sí kébù, ẹ máa tò sẹ́yìn bí ẹni tó ń tò fún epo. Àwọ̀ wáyà mẹ́jọ, funfun-òféfèé, ọsàn, ewéko, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣùgbọ́n fótókọ́pì dúdú ni! Dúdú àti funfun! Èmi tí mò ń ṣe fótókọ́pì, mo ní kí n lọ bá yín tẹ aláwọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kò pọn dandan. Ìgbà tó kàn mí, mo tẹ̀ ẹ́, wọ́n kì í sínú tẹ́sítà, iná 3 àti 6 ò tàn. Mo fẹ́ gé e kí n tún un ṣe, ó ní orí kébù ti tán.

Iná NEPA ò sí ní Sátidé kẹrin àti ìkarùn-ún, wọ́n ní ká dá ₦500 ₦500 fún pẹtiróòlù, pósítà ò sọ bẹ́ẹ̀. Fáànù kan ló wà, ó kọjú sí ọ̀gá. Wi-Fi títà tí mo tìtorí ẹ̀ lọ, wọ́n fi ogún ìṣẹ́jú sọ ọ́ ní Sátidé tó kẹ́yìn, mi ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá bi mí: Bàbá, máàkì márùn-ún nínú márùn-ún, tó bá jẹ́ mẹ́wàá ni màá fún wọn ní mọ́kànlá. Apá kejì, máàkì kan ààbọ̀, ààbọ̀ yẹn jẹ́ ti wàrà tí ìyá kan ń gbé wá tà fún wa ní aago méjìlá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ fífa kébù jẹun, ẹ wá ibòmíì lọ. Ẹni tó bá kàn fẹ́ mọ nǹkan tó ń jẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba ìdajì owó lọ́wọ́ yín fún Sátidé mẹ́ta àkọ́kọ́, mo mọ ẹni kan tí wọ́n gbà fún. Ẹ gbé abẹ̀bẹ̀ dání.

Áfáà wá sọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi ìwé pélébé mẹ́fà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ owó wọn fún wọn lórí bẹ́ǹṣì kan náà yẹn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní àlúbáríkà, ṣùgbọ́n káwọn gba owó ọwọ́ báyìí ná.

Ó ku ti sátífíkéètì. Wọ́n kọ orúkọ mi ní "Rasidat" tí mo jẹ́ Rashidat, mo dá a padà kí wọ́n tún un tẹ̀. Mo pè wọ́n lọ́jọ́ kejì, wọn ò gbé e. Mo dúró ọjọ́ méjì, mo pè, wọn ò gbé e. Mo dúró ọjọ́ mẹ́rin, mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kò sí ìdáhùn, mi ò sì mọ̀ bóyá iṣẹ́ mi ni ò dé ni àbí ìdáhùn wọn ló sọnù. Ó di ọjọ́ mẹ́jọ òní, kí n tó tún pè.